Ọta Wo Ló Tó Ìgalà Tó Dúró Lókèèrè? Ìtọ́sọ́nà fún Ọdẹ Òṣogbo Tó Ń Lo Ìbọn Òyìnbó

Àrìnpa o, ẹ̀yin ọdẹ.

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà, ní ìpàdé ọdẹ, lórí fóònù, kódà ní ibi ìsìnkú: "Bọ̀dá, ọta wo ni kí n kì tí màá fi mú ìgalà tó bá dúró lókèèrè?" Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń béèrè ti wo fídíò òyìnbó tó ń yìn ìgalà láti orí òkè kan sí òkejì, tó sì ń fọ́nnu pé ọta tí òun fọwọ́ ara òun kì nílé ló ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n wá fẹ́ mọ ẹni tó lè bá wọn kì irú ẹ̀ ní Òṣogbo.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn ṣáájú, kí ẹni tó ń kánjú lè máa lọ. Raífù ni ìbọn inú fídíò yẹn. Inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tó lọ́ bí okùn, ìlà yẹn ló ń mú ọta ẹyọ kan yí bí òkòtó títí tí yóò fi dé ibi tó ń lọ. Tiwa dán nínú, ọ̀pọ̀ hóró ló sì ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fọ́n ká bí wọ́n ṣe ń lọ. Kò sí ọta tí ẹ lè rà tó máa sọ ìbọn ẹlẹ́nu méjì di raífù. "Òkèèrè" tiwa pẹ̀lú ọta ọlọ́pọ̀ hóró kò ju 30 mítà lọ, ìbọn ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọta tó dáa ni èyí tí ìbọn tiyín gan-an bá fi hàn, lórí páálí tí ẹ yìn ín sí láti fi dán an wò, pé òun gbà. Ẹsẹ̀ ló máa ṣe ìyókù.

Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó yọ owó

- Ìwé àṣẹ ìbọn láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá wà lọ́wọ́ yín, ọjọ́ rẹ̀ kò sì tíì kọjá.
- Irú ìbọn yín wà lára èyí tí òfin gbà fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Nínú Òfin Ìbọn ti 1959, ìbọn ọlọ́pọ̀ hóró tí a ń fọwọ́ kì wà lára ohun tí ẹnì kan lè gba àṣẹ fún. Èyí tó ń kì ara rẹ̀, tàbí èyí tí a ń fà síwá sẹ́yìn kí ọta lè wọlé, kò sí lára wọn.
- Ẹni tó fẹ́ ta ọta fún yín ní àṣẹ láti tà á. Ẹni tó ń tà á lábẹ́ tábìlì ní ọjà kò ní àṣẹ kankan.
- Ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, kì í ṣe igbó ọdẹ. Ẹran inú rẹ̀ kò ṣe é pa, ẹja odò rẹ̀ kò ṣe é mú. Mo sọ èyí nítorí àwọn ọmọdé kan tó rò pé tí ẹran bá ti bọ́ sí apá kejì odò, ó di tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìbọn

Ẹ ṣí ìbọn, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ wá wo abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ níbi tó ti sún mọ́ ìdí. Nọ́ńbà méjì ni ẹ ń wá.

1. Nọ́ńbà ìbọn: 12, 16 tàbí 20. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ọ̀pá ṣe fẹ̀ tó. Ihò 12 fẹ̀ tó nǹkan bí 18.5 mìlímítà, ti 20 jẹ́ nǹkan bí 15.6.
2. Gígùn ilé ọta: 65, 70 tàbí 76 mìlímítà. Lára ìbọn mìíràn, íǹṣì ni wọ́n fi kọ ọ́: 2½, 2¾, 3.

Ibi gígùn yìí ni wọ́n ti máa ń ṣìnà jù. Gígùn tí wọ́n kọ sára páálí ọta ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti yìn, tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká ti là. Ọta 76 tí kò tíì yìn lè wọ ilé 70 wẹ́rẹ́, ìbọn á pa dé, ẹ ó sì rò pé ó bá a mu. Nígbà tó bá yìn ni ẹnu rẹ̀ máa fẹ́ là tí kò ní ráàyè, agbára inú á sì ga ju èyí tí wọ́n ṣe ìbọn náà fún lọ. Ọta kúkúrú nínú ilé gígùn kò léwu. Ọta gígùn nínú ilé kúkúrú ni kí ẹ sá fún.

Ìkìlọ̀ kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọta 20 lè yọ́ wọ inú ọ̀pá 12 kó sì há sí iwájú. Tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó rò pé ẹ ò tíì kì í. Tí ẹ bá wá ki ọta 12 tẹ̀ lé e, tí ẹ sì yìn ín, ọ̀pá máa bẹ́ ní ibi tí ọwọ́ òsì yín wà gan-an. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe ara ọta 20 ní àwọ̀ yẹ́lò. Tí ìbọn oríṣi méjì bá wà nínú ilé yín, àpò wọn ò gbọdọ̀ pọ̀ mọ́ra láé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mú hóró tó bá ẹran mu

Lórúkọ tí a fi mọ̀ wọ́n lọ́dọ̀ wa, iye hóró tó wà nínú ọta tó gbé 32 gíráàmù nìyí:

- SG: hóró 8.4 mìlímítà, nǹkan bí 9
- SSG: 6.8 mìlímítà, nǹkan bí 17
- AAA: 5.2 mìlímítà, nǹkan bí 40
- BB: 4.1 mìlímítà, nǹkan bí 80
- Nọ́ńbà 4: 3.1 mìlímítà, nǹkan bí 190
- Nọ́ńbà 6: 2.6 mìlímítà, nǹkan bí 300

Èrò tèmi lórí bí ẹ ṣe máa lò wọ́n rèé. Àparò àti awó, nọ́ńbà 6 tàbí 5. Ọ̀yà àti ehoro, nọ́ńbà 4. Ẹtu kékeré, tí kì í sábà ju kílò 10 lọ, BB tó, tí ó bá sún mọ́ yín, AAA ló sì dáa jù. Ìgalà, AAA tàbí SSG. SG, ó dìgbà tí páálí bá fọwọ́ sí i.

Ẹnu á ya àwọn kan pé mi ò fi SG ṣáájú fún ìgalà, torí pé ohun tí àgbà ọ̀pọ̀ wa ń kì nìyẹn. Ẹ wo iye hóró rẹ̀: 9 péré. Lóòótọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo, ó sì ń wọlé jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mẹ́sàn-án bá fọ́n ká lórí ibi tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, mélòó ló máa bá ibi ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, tí kò ju àwo ìjẹun lọ? Ọ̀kan, bóyá méjì. Ẹran tí hóró kan bá nínú máa sálọ, yóò lọ kú sínú igbó tí ẹ ò ní rí i. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti gba àgbẹ̀ láyè láti fi ìbọn ọlọ́pọ̀ hóró yìn àgbọ̀nrín tó bá ń ba oko rẹ̀ jẹ́, AAA ni òfin wọn ti 1991 fi ṣe hóró tó kéré jù. BB kò dé ibẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tó ń fi BB lé ìgalà, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Nọ́ńbà tó wà lára páálí kò rí bákan náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. BB ti Amẹ́ríkà tó 4.6 mìlímítà, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 4.1. Ohun tí Amẹ́ríkà ń pè ní 00 ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá SG dọ́gba. Wọ́n tún ní "4" oríṣi méjì: ọ̀kan fún ẹyẹ, hóró rẹ̀ 3.3 mìlímítà, èkejì fún ẹran ńlá, hóró rẹ̀ 6.1. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣáà fún òun ní "nọ́ńbà 4" lè gba èyí tí kò fẹ́. Ẹ wo mìlímítà. Òun ni kì í purọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ra díẹ̀ díẹ̀, oríṣi méjì tàbí mẹ́ta

Ẹ má ra odindi páálí ọta kan. Ẹ ra márùn-ún AAA, márùn-ún SSG. Tí ó bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí owó bá ń fún yín lọ́rùn, kí ọdẹ mẹ́ta dá owó jọ, kí oníkálukú sì fi ìbọn tirẹ̀ dán an wò. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti yìn ọta sára páálí nígbà tí ọta wọ́n báyìí. Ẹ ṣírò iye tí ẹ ti yìn lásán ní ọdún tó kọjá ná, kí ẹ tó bá mi jà.

Ọta tó wúwo jù, tó sì ń ta èèyàn ní èjìká jù, kì í ṣe dandan kó dáa jù. Hóró tó bá jáde pẹ̀lú ipá àjùlọ máa ń rún nínú ọ̀pá, èyí tó bá sì rún kì í lọ tààrà. Mo ti rí 32 gíráàmù tó ṣe dáadáa ju 42 lọ nínú ìbọn kan náà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ìdánwò páálí

Iṣẹ́ gan-an nìyí. Ẹni tó bá fo èyí, kò yan ọta kankan, ó kàn ra ọta ni.

Ohun èlò: páálí fíríjì tàbí ti tẹlifíṣọ̀n ńlá mẹ́fà, àwo ìjẹun kan tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, èédú, okùn tí ẹ ti wọ̀n ní mítà, ìgò fún ojú, òwú fún etí.

Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ga bí ògiri lẹ́yìn páálí. Kòtò tí wọ́n ti ń wa yẹ̀pẹ̀ tẹ́lẹ̀ dáa, tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún Báálẹ̀ abúlé náà, fún Olúọ́dẹ, àti fún àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò. Lásìkò tí a wà yìí, tí ìbọn bá dún nígbà mẹ́ta léraléra lọ́nà Ìbòkun tàbí Ìlobù, àwọn èèyàn máa sá, àwọn mìíràn sì máa wá bá yín.

1. Ẹ fi èédú fa ìlà yí àwo náà ká sáàárín páálí. Òbìrípo yẹn ni àyà ìgalà.
2. Ẹ wọn 20 mítà. Ẹ jókòó, kí ẹ gbé ìbọn lé nǹkan tó rọ̀, bí àpò ìyẹ̀pẹ̀. Ìbọn la fẹ́ dán wò, a ò dán apá yín wò.
3. Ẹ yìn ọta kan. Ẹ kọ irú ọta, ẹnu ìbọn tí ẹ lò, àti iye mítà sára páálí kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ ó gbàgbé, mo fi dá yín lójú.
4. Ẹ ka hóró tó wà nínú òbìrípo.
5. Ẹ pààrọ̀ páálí, kí ẹ tún un ṣe. Ìgbà mẹ́ta fún ọta kọ̀ọ̀kan, torí ẹ̀ẹ̀kan kò sọ òótọ́.
6. Ẹ sún sẹ́yìn sí 25 mítà, lẹ́yìn náà 30, pẹ̀lú ọta tó ṣe dáadáa nìkan.

Ìlànà tèmi ni pé hóró mẹ́rin ó kéré tán gbọ́dọ̀ wọ òbìrípo, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, méjì, márùn-ún, ó ti kùnà, torí "méjì" yẹn ni ìgalà tó máa sálọ. Ibi tó ti kọ́kọ́ kùnà ni òpin ìbọn yín pẹ̀lú ọta yẹn. Ẹ fa mítà márùn-ún yọ nínú rẹ̀ fún igbó, torí nínú igbó ẹ ò ní jókòó sídìí àpò ìyẹ̀pẹ̀.

Ẹnu méjèèjì kì í ṣe bákan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn ẹlẹ́nu méjì, ti òsì fún ju ti ọ̀tún lọ, nítorí náà hóró rẹ̀ ń pẹ́ kó tó fọ́n ká. Nínú ìbọn tèmi, ẹnu òsì pẹ̀lú AAA ń fi hóró mẹ́fà tàbí méje sínú àwo ní 25 mítà. Ẹnu ọ̀tún, ọta kan náà, ọjọ́ kan náà: mẹ́ta. Pẹ̀lú SG, òsì fi méjì, ọ̀tún fi ẹyọ kan, nígbà kan ò fi nǹkan kan. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ẹnu ọ̀tún yìn ṣáájú kí n tó mọ èyí.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìgalà kan létí odò Ẹ̀rìnlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni, ó dúró gbagidi ní ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí mi. Mo wọ̀n ọ́n lójú, mo ní kò ju 30 mítà lọ. Mo yìn ín. Ó fò, ó wọ igbó. Ẹ̀jẹ̀ tí a rí kò ju èyí tí ìka tó gé lè ṣẹ̀ lọ, a sì wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, mo fi okùn wọn ibi tí mo dúró sí: 47 mítà. Bàbá kékeré mi wo okùn, ó wo mi, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ wá páálí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ́ ojú yín ní mítà

Ojú ọdẹ máa ń tàn án jẹ, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ àti níbi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú. Ẹ ka ìṣísẹ̀ yín lórí 20 mítà tí ẹ ti wọ̀n, kí ẹ mọ iye tó jẹ́. Tèmi jẹ́ 27. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí oko tàbí sí ọjà, ẹ mú igi kan, ẹ sọ iye mítà rẹ̀ lọ́kàn, kí ẹ wá kà á. Lẹ́yìn oṣù kan, irọ́ ojú yín á dín kù gan-an.

Níbi tí ẹ bá ti ń dẹ ẹran, ẹ so ewé tàbí aṣọ pélébé mọ́ igi ní òpin yín yíká. Ẹran tó bá wà lẹ́yìn aṣọ yẹn kò tíì di tiyín.

Ọta tí wọ́n tún kì: ẹ má rà á

Mo padà sí ìbéèrè tó bí gbogbo èyí. Àwọn òyìnbó tó ń kì ọta nílé ń ṣe é ní ibi tí òfin wọn ti gbà á. Ìwé ìṣirò tí ilé iṣẹ́ ẹ̀tù tẹ̀ jáde ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n ń wọn ẹ̀tù lórí òṣùwọ̀n, ìbọn kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ dénú ni wọ́n sì ń kì í fún. Ọ̀pọ̀ wọn kò jẹ́ yìn ọta tí ẹlòmíràn kì. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ọta níta ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, "ọta àkìdáa" tí wọ́n ń gbé wá bá yín kò ní ìwé, kò ní òṣùwọ̀n, kò sì ní ẹni tí ẹ lè mú lọ́jọ́ tí ìbọn bá bẹ́.

Mo ti rà á rí, lọ́wọ́ ẹnì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìbọn mi dún "pùù", bí ẹni lu tìmùtìmù. Díẹ̀ ló kù kí n yìn ẹnu kejì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ṣí i, ike tó ń ti hóró ṣì há sí àárín ọ̀pá. Ká ní mo ti ki òmíràn sí ẹnu kan náà ni, ọwọ́ tí mo fi ń kọ èyí kò ní sí.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀:

- Ẹnu rẹ̀ kò ká dọ́gba bíi ti ilé iṣẹ́, tàbí àbẹ́là, gọ́ọ̀mù tàbí sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dí i.
- Kápù ìdí rẹ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí idẹ náà ní àpá pé wọ́n ti yọ nǹkan níbẹ̀ rí.
- Ara rẹ̀ kọ "6", ẹni tó ń tà á sì ń búra pé SSG ni.
- Tí ẹ bá mì í létí, hóró ń yí nínú rẹ̀ gbàlàgbàlà.
- Márùn-ún inú páálí kan kò wúwo bákan náà lórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà.

Ẹ̀tù ṣakabùlà àti ẹ̀tù inú ọta ìbọn òyìnbó yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀kan lè rọ́pò èkejì, ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìpamọ́

Òjò Òṣogbo ló ń ba ọta jẹ́ jù. Agolo onídèrí tó dé dáadáa, nínú yàrá tí kò gbóná, lókè ibi tí ọwọ́ ọmọdé ò tó, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ẹ̀tù ṣakabùlà. Ọta tó bá rin, ẹ má sá a lórí páànù, ẹ má yá a níná. Èyí tí ìdí rẹ̀ ti dípẹtà, tàbí tí ara rẹ̀ wú tó fi ń ṣòro láti wọlé, ẹ má fi ọwọ́ gbá a wọlé. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá ibi tí ẹ lè kó o sí.

Nínú igbó, kí ẹ tó yìn

1. Ẹ rí odindi ara ẹran. Ojú tó ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ti màlúù, ti ewúrẹ́, ti ajá ọdẹ ẹlòmíràn. Mo ti rí iná orí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi láàárín ewé tí mo rò pé ojú ẹtu ni.
2. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ fi mìlímítà hóró yín ṣe ìlọ́po 80, ibi tó lè jábọ́ sí ní mítà nìyẹn, tí ẹ bá yìn ín sókè díẹ̀. SG, 8.4, lè dé nǹkan bí 670 mítà. BB, nǹkan bí 330. Ọta tí kò lè pa ìgalà ní 50 mítà ṣì lè fọ́ ojú ẹnì kan tó ń wa ẹ̀gẹ́, tí ẹ ò rí, ní 300.
3. Kí ẹran kọ ẹ̀gbẹ́ sí yín. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú, ní ìdá kan nínú mẹ́ta àyà láti ìsàlẹ̀. Ẹ má yìn ìdí ẹran tó ń lọ.
4. Kò gbọdọ̀ sí ewé àti igi tín-ín-rín láàárín. Hóró máa ń yà lára wọn.
5. Abo tó ní ọmọ lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó lọ.

Tí ẹ bá fa á tí kò dún, ẹ di ìbọn mú ní ọ̀gangan ibi tí kò léwu fún ìṣẹ́jú kan gbáko kí ẹ tó ṣí i. Ó lè pẹ́ kó tó gbaná. Tó bá dún kéré jù, ẹ ṣí i, kí ẹ yọ ọta, kí ẹ wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn kí ẹ tó ki òmíràn.

Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún

Ẹ má sáré. Ẹ fi ojú mú igi tó wà níbi tí ẹran dúró sí, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò tó ń hó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, ẹran náà kò jìnnà. Ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ní koríko nínú jẹ́ ti ikùn. Irú èyí, ẹ dúró tó wákàtí mélòó kan, torí tí ẹ bá lé e, yóò máa lọ ni.

Tí ẹ bá ń kun ẹran, ẹ gé ibi tí ọta gbà wọlé kúrò pẹ̀lú gbogbo ẹran tó ṣe dúdú yíká rẹ̀, kí ẹ sì wá hóró. Òjé ni ọ̀pọ̀ hóró, òjé sì ń ṣe ọmọdé àti aláboyún ní jàǹbá. Ẹ má ju ibi tí ẹ gé náà sí ajá.

Tí òpin ìbọn yín bá kéré

Tí páálí bá ní 20 mítà ni tiyín, ohun mẹ́ta ló kù tí ẹ lè ṣe.

Ẹ̀gùn ni mo fẹ́ràn jù, pẹpẹ tí a ń so sórí igi. Ẹ so ó nítòsí igi ìyeyè nígbà tí èso rẹ̀ bá ń já, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá yín. Ẹran á wá sí 15 mítà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹ sì ń yìn sí yìí ló máa gba hóró tó bá tàsé, ewu inú rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ fi okùn so ara yín mọ́ igi. Oorun ti ju àwọn ọdẹ sílẹ̀ rí.

Èkejì ni ọta ẹlẹ́yọkan, òjé kan ṣoṣo tó tó 28 gíráàmù. Ó lè fún yín ní 50 mítà tí ìbọn bá gbà á, ṣùgbọ́n ó ń lọ jìnnà ju SG lọ tó bá tàsé, ẹnu ìbọn tó fún jù kò sì dáa fún un. Mi ò gba ẹni tó ń dẹ ẹran láàárín oko olóko nímọ̀ràn láti lò ó. Àyíká Òṣogbo ti di oko àti ilé báyìí, títí dé Òkinní.

Ẹ̀kẹta ni sùúrù. Ní ìgbà ọyẹ́, ewé gbígbẹ máa ń tú àṣírí ẹsẹ̀. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rin ilẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Kí wọ́n ki SG sí ẹnu kan, nọ́ńbà 6 sí èkejì, kí wọ́n wá gbàgbé èwo ni èwo lóru.
- Kí wọ́n yá ìbọn ẹlòmíràn, kí wọ́n sì gbà pé ọta tó ṣe dáadáa nínú tiwọn máa ṣe é nínú rẹ̀.
- Kí wọ́n yí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọta wọn padà láìtún ìdánwò páálí ṣe.
- Kí wọ́n máa gbé ìbọn tó ti ní ọta nínú lórí ọ̀kadà. Ẹ jọ̀ọ́.

Àpò yín kí ẹ tó kúrò nílé

- Ìwé àṣẹ, nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀
- Ọta mẹ́jọ, oríṣi kan ṣoṣo, tí páálí ti fọwọ́ sí
- Aṣọ pélébé tí ẹ máa so mọ́ igi
- Tọ́ọ̀ṣì méjì àti bátìrì tuntun
- Ọ̀bẹ, okùn, omi
- Fóònù tó ti gba iná, àti ẹnì kan nílé tó mọ igbó tí ẹ wọ̀ àti àsìkò tí ẹ ó padà